Ẹni Tó Dá Afọṣọ Lóhùn

Nígbà tí ìfẹ́ dé bá obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ó ti rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ọjọ́ kan ń wò sàn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ó sì ti lo ọdún mọ́kànlá nínú ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ńlá kan, nínú yàrá abẹ́ ilé tí kò ní fèrèsé, níbi tí ẹ̀rọ mẹ́fà ti ń kùn láti òwúrọ̀. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni iṣẹ́ rẹ̀: èyí tí wọ́n bímọ sí, èyí tí wọ́n kú sí, èyí tí wọ́n kàn sùn sí. Ó mọ̀ pé omi tútù là ń kọ́kọ́ dà sí ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá fi omi gbígbóná bẹ̀rẹ̀, àbàwọ́n á di onílé mọ́ ọn lọ́wọ́. Tó bá ṣíwọ́, á wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé àwọn òbí rẹ̀, á gbé ìyá rẹ̀ kúrò lórí àga lọ sórí bẹ́ẹ̀dì, nítorí ó ti di ọdún mẹ́ta tí ẹsẹ̀ ìyá náà ti kọ̀ láti gbé e. Á dáná, á fọ abọ́. Lẹ́yìn náà á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ bí ẹrù tí ẹnìkan gbàgbé sí ibùdókọ̀.

Ohun tó gbé e dé ìdí kọ́ọ̀sì kò ju pé ọ̀gá ilé ìfọṣọ fẹ́ fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ìmọ́tótó ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ kan sì wà tó ń kọ́ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún oṣù mọ́kànlá. Ọ̀gá ní àga. Lójú obìnrin yìí, gbogbo oyè náà kò ju àga yẹn lọ: kí òun náà lè máa jókòó díẹ̀ lọ́sàn-án.

Ọgọ́ta èèyàn ló bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ wọn jẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Tíṣà ni gbogbo wọn ń pè é. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, Tíṣà á gbé ìbéèrè kan sí ojú ewé ìjíròrò, oníkálukú gbọ́dọ̀ kọ èrò tirẹ̀, kó sì fèsì fún ẹni méjì. Wọ́n ń ṣe é bí ọmọdé tí wọ́n fún ní oògùn kíkorò. "Ìdáhùn yín dára púpọ̀." "Mo fara mọ́ ohun tí ẹ sọ." "Ẹ ṣeun fún ìmọ̀ yìí." Kéèyàn máa bá ògiri sọ̀rọ̀, kí ògiri sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni! Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, obìnrin yìí náà ti pinnu pé òun á jáwọ́.

Ìbéèrè ọ̀sẹ̀ yẹn ni pé: Sọ ìgbà kan tí ìmọ́tótó kùnà lọ́wọ́ rẹ. Gbogbo wọn lọ da ìwé kọ. Òun, nítorí ó rò pé ìgbẹ̀yìn òun nìyẹn, ó kọ òtítọ́. Ó kọ ọ́ lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, lórí àtẹ̀gùn, pẹ̀lú ìka tí oògùn ìfọṣọ ti bó: "Mo kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí kò tíì gbẹ jáde, torí wọ́ọ̀dù ń pariwo pé aṣọ ti tán. Mo mọ̀ pé kò gbẹ. Ó rẹ̀ mí ni."

Ó fi í ránṣẹ́ tán ló tó kábàámọ̀. Kó tó jẹun tán, èsì ti dé. Ẹni tó kọ ọ́ pe ara rẹ̀ ní Atikẹ̀kẹ́.

"Ilé ìwòsàn mìíràn ni mo wà, kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni mò ń tì. Mo ti gba irú aṣọ tútù bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ti bú àwọn afọṣọ nítorí ẹ̀. N kò mọ̀ pé ẹni tó ti rẹ̀ ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń bi yín léèrè bóyá ó rẹ̀ yín?"

Ó ka gbólóhùn ìkẹyìn yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó wá ìdáhùn kiri inú ara rẹ̀, kò rí. Ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "Kò sẹ́ni kankan."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Obìnrin kan tó ń nu ilẹ̀ dá sí i pé òun ti fi omi ìdọ̀tí kan ṣoṣo nu wọ́ọ̀dù méjì rí. Alásè kan sọ ti abọ́. Ẹnìkan bínú sí alásè, ẹlòmíràn gbèjà rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, èsì ti lé ní igba, àwọn tó ti lọ sì ń yọjú padà bí ẹni tó gbọ́ ẹ̀rín láti ilé kejì. Tíṣà kọ gbólóhùn kan péré: "Ẹ máa bá a lọ, mò ń kà á." Wọ́n sọ obìnrin náà ní Afọṣọ, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Láti ìgbà yẹn, Afọṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀kọ́ nínú bọ́ọ̀sì. Kì í ṣe pé ẹ̀kọ́ náà dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ o. Kò kàn fẹ́ kí ọjọ́ Àìkú dé kó má rí nǹkan gidi bá Atikẹ̀kẹ́ sọ ni. Ọkùnrin náà a máa pa á lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan ó kọ ọ́ pé ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè nílé ìwòsàn àwọn ti ṣàìsàn ju àwọn aláìsàn lọ, pé àwọn nọ́ọ̀sì ti ń kí i pé "Ṣé ara ti le?" kí wọ́n tó wọ inú rẹ̀. Afọṣọ rẹ́rìn-ín sókè láàárín èrò bọ́ọ̀sì. Ó yà á lẹ́nu pé òun ṣì mọ bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù kẹrin, Atikẹ̀kẹ́ kọ ọ̀rọ̀ nípa aláìsàn obìnrin kan tó sùn lórí aṣọ kan náà fún ọjọ́ mẹ́ta, tí egbò fi mú un lẹ́yìn, tí egbò náà sì di ikú. Ó kọ ọ́ ṣókí, bí ẹni tó ń ka ìròyìn. Ọjọ́ burúkú ni ọjọ́ náà jẹ́ fún Afọṣọ: ẹ̀rọ méjì bàjẹ́, ìyá rẹ̀ sì ti ṣubú láàárọ̀. Ó fèsì pé: "Ẹni tó ni aláìsàn náà ńkọ́? Ṣé kò lẹ́nu ni? Odindi ọjọ́ mẹ́ta! Kí ló ń wò?"

Atikẹ̀kẹ́ kò dáhùn. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, kò sí níbẹ̀. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, kò sí níbẹ̀. Ìjíròrò bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. "Mo fara mọ́ ohun tí ẹ sọ" tún padà wọlé bí aláìnítìjú. Afọṣọ fúnra rẹ̀ lo ọjọ́ mẹ́sàn-án láì ṣí ẹ̀kọ́ kankan. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, kò lè fara dà á mọ́, ó kọ̀wé sí i níkọ̀kọ̀: "Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ bá mi wí. Ẹ má dákẹ́."

Èsì dé lọ́jọ́ kejì, nọ́ńbà fóònù wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Èmi ni mo ni aláìsàn náà. Ìyàwó mi ni. Ó ti di ọdún mẹ́rin. Ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí náà ni, wọ́ọ̀dù tí mò ń ti kẹ̀kẹ́ kọjá lójoojúmọ́. Mo lẹ́nu. Mo rò pé bí mo bá pariwo, wọ́n á ní mò ń fi ipò òṣìṣẹ́ ṣe fáàrí. Mo rò pé wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀ lọ́la. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń bi ara mi ní ìbéèrè yẹn, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi mí ní gbangba."

Afọṣọ lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, ó fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde bojú, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ó pe nọ́ńbà yẹn.

"Ẹ ńlẹ́ o," ohùn ọkùnrin kan ní, ohùn tó wúwo díẹ̀.

"Afọṣọ ni."

"Ibi tẹ́ ẹ wà ń pariwo."

"Ẹ̀rọ ni. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni mo wà. Mò ń sunkún ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi wà nínú yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò lágbára.

"Ẹ forí jì mí," Afọṣọ ní. "N ò mọ̀. Ká ní mo mọ̀ ni—"

"Ẹ má bẹ̀ mí. Gbogbo èèyàn ló ti sọ fún mi pé kò sẹ́jọ́ mi níbẹ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ kí n lè dákẹ́ ni. Ẹ̀yin bi mí léèrè ọ̀rọ̀."

"Ṣé ẹ máa padà wá?"

"Sórí ojú ewé yẹn?"

"Sórí ojú ewé yẹn. Bí ẹ ò bá sí níbẹ̀, mi kì í ṣí ẹ̀kọ́."

"Èmi náà ò tíì ṣí i." Ó mí kanlẹ̀. "Afọṣọ, ìgbà wo la máa ṣe 'ẹ' yìí tán? Ó ti ń rẹ̀ mí lẹ́nu."

"Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ fi í sílẹ̀."

"Ó dáa. Ìwọ," ó ní, ó ń tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò. "Ìwọ, nu ojú ẹ, kó o padà sẹ́nu iṣẹ́."

Lọ́jọ́ Àìkú, ó padà wá, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn yòókù fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ "Mo fara mọ́ ohun tí ẹ sọ" lọ́sẹ̀ yẹn.

Nígbà tí oṣù mọ́kànlá pé, wọ́n pè wọ́n jọ sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan láti ṣe ìdánwò. Afọṣọ ti ya ọkùnrin náà sọ́kàn ní gíga, pẹ̀lú èjìká fífẹ̀. Ẹni tó dìde láti orí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà kò ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Irun ti ń sá kúrò níwájú orí rẹ̀, apá rẹ̀ sì le bí ti ẹni tó ń gbé èèyàn lójoojúmọ́.

"Ìwọ lo kúrú tó báyìí?" ló jáde lẹ́nu Afọṣọ kó tó mọ̀.

"Mo máa ń ga tí mo bá ń kọ̀wé."

Lẹ́yìn ìdánwò, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn títí èrò fi tán. Ọkùnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Mi ò lọ́rọ̀ dídùn," ó ní. "Mi ò lágbára àtimáa lé obìnrin kiri mọ́. Ó ti rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ó máa rẹ̀ mí náà ni, mo fẹ́ kó máa rẹ̀ mí nítòsí ẹ."

Afọṣọ dìde lọ wọ bọ́ọ̀sì. Nínú bọ́ọ̀sì, ó gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lọ, gbé e yẹ̀ wò bọ̀. Ṣé ìfẹ́ nìyí, àbí àánú? Ṣé aya ló ń wá, àbí ẹni tí á máa bi í ní ìbéèrè yẹn títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀? Bí ìfẹ́ bá sì ni, ta ló máa gbé ìyá òun? Wọ́n ríra lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ní ibùdókọ̀ tó wà láàárín ìlú tirẹ̀ àti ti ọkùnrin náà. Nígbà kẹta, ọkùnrin náà sùn lọ lórí ìjókòó nígbà tí Afọṣọ ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Nígbà tó jí, ojú tì í. Afọṣọ ní, "Sùn. Mo gbà." Kò tètè yé e pé kì í ṣe oorun nìkan lobìnrin náà gbà fún òun.

Ilé ni wàhálà wà, lọ́jọ́ tí Afọṣọ sọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà fún wọn. Bàbá Afọṣọ jẹ́ káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó máa ń fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ilé onílé wò kó tó kí onílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, onídìrí, wà nílé lọ́jọ́ náà. Ìyá wọn wà lórí àga rẹ̀.

"Níbo lẹ ti pàdé?" bàbá béèrè.

"Lẹ́nu ẹ̀kọ́ yẹn ni, Bàbá."

"Nínú kíláàsì wo?"

"Lórí fóònù."

Bàbá gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. "Lórí fóònù. Ilé yìí ti gba ọkọ orí fóònù lẹ́ẹ̀kan."

Kò sẹ́ni tó fẹ́ wo onídìrí, gbogbo wọn sì wò ó. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, òun náà pàdé ọkùnrin kan lórí fóònù, tó pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà. Wọ́n ṣègbéyàwó. Ọdún kan àbọ̀ lẹ́yìn náà ni ìyàwó ọkùnrin ọ̀hún àti ọmọ mẹ́ta yọjú, onídìrí sì padà wálé pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo.

"Ẹ má wò mí," onídìrí ní. "Mo ti jìyà tèmi tán."

"Ta ló mọ̀ ọ́n?" bàbá tún bi Afọṣọ. "Ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà fún un?"

"Èmi, Bàbá."

"Ìwọ tí ìfẹ́ ti mù dé ọrùn? Ẹni tó ń rì kì í jẹ́rìí fún odò. Ọkùnrin tó o ní ìyàwó rẹ̀ kú sọ́wọ́ ilé ìwòsàn tóun fúnra rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́! Rárá o. Mo ti sọ tèmi."

Afọṣọ wo ìyá, ó ń dúró dè é, ṣùgbọ́n ìyá náà ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ẹlòmíràn ì bá jà. Ìjà gba agbára, ti Afọṣọ sì ti tán sídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ó pe ọkùnrin náà lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó ní kó wá ẹlòmíràn. Ì bá sàn kí ó bẹ̀bẹ̀. "Mo gbọ́" nìkan ló sọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí wọ́n ti kọ́ láti máa gbà. "Mo gbọ́" yìí ló wá ń dun Afọṣọ kiri bí ẹ̀gún inú bàtà.

Oṣù méje kọjá. Ìwé ẹ̀rí dé, wọ́n sì fi Afọṣọ jọ̀gá. Ó jókòó sórí àga náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbé ọwọ́ lé tábìlì. Ìgbà yẹn ló mọ̀ pé àárẹ̀ náà mọ̀ ọ́n jókòó. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń sọ pé ọ̀gá wọn tuntun kì í báni wí. Kì í ṣe sùúrù. Kò kàn sí ohun tó jọ ọ́ lójú mọ́ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù rẹ̀ dún. Tíṣà ni.

"Afọṣọ, mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan kan. Ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ pa ojú ewé ìjíròrò rẹ́, wọ́n ní ó ń gba àkókò olùkọ́. Mo ní kí wọ́n dúró ná. Nínú ọgọ́ta tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yín, mọ́kànlélógójì ló parí. Àwọn tó ṣáájú yín, wọn ò tó ogún. Mo ń pe gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ló mú ẹ dúró? Ṣé fídíò ẹ̀kọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ṣe ni?"

"Tíṣà, ẹ má bínú. Ìdí fídíò yẹn ni mo ti máa ń sùn lọ."

"Inú wọn ò ní dùn sí ìyẹn. Kí wá ni?"

"Ẹnìkan dá mi lóhùn ni, Tíṣà." Omijé sì bọ́ lójú ọ̀gá ilé ìfọṣọ, lórí àga rẹ̀, níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́.

Tíṣà jẹ́ kó sunkún tó. "Mo pe òun náà láàárọ̀," ó ní níkẹyìn. "Ohun tó sọ fún mi kò yàtọ̀ sí èyí, àfi pé ó fi ikọ́ bo ẹkún tirẹ̀. Kí ló dé sí ẹ̀yin méjèèjì?"

Afọṣọ sọ ọ́.

"Júwe ilé bàbá ẹ fún mi," Tíṣà ní.

Lọ́jọ́ Sátidé, obìnrin àgbà kan tó fi báńdéèjì wé orúnkún sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó béèrè ilé káfíńtà. Bàbá fún un ní ìjókòó. Afọṣọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, onídìrí wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ṣé ẹ̀yin ni ẹbí ọkùnrin náà?" bàbá béèrè.

"Rárá o. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fojú rí i."

"Kí lẹ wá fẹ́ jẹ́rìí sí?"

"Mo ti kà á ni, Bàbá. Oṣù mọ́kànlá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọ̀sẹ̀, níwájú ọgọ́ta èèyàn tó ń bi í léèrè, tí wọ́n ń já a ní koro. Èèyàn lè purọ́ lọ́jọ́ kan kó má hàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bi í lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, irọ́ á tú. Mo ti ń kọ́ni bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjìlá. Ẹlẹ́tàn a máa gbà fún gbogbo èèyàn. Ọkùnrin yìí máa ń sọ pé òun ò mọ̀. Ó máa ń sọ pé òun ṣàṣìṣe."

"Tèmi ò sọ ọ́ rí," onídìrí ní láti ẹnu ọ̀nà. Gbogbo wọn yíjú sí i. "Ọdún kan àbọ̀, Bàbá. Ọkùnrin yẹn ò sọ pé òun ṣàṣìṣe lẹ́ẹ̀kan. Ká ní mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ni, bóyá ǹ bá má bẹ̀rù gbogbo ọkùnrin báyìí."

Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Síbẹ̀náà," ó ní, "síbẹ̀náà..."

Tíṣà tẹ̀ síwájú díẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Kí ló ń bà yín lẹ́rù gan-an?"

Ojú bàbá lọ sí ilẹ̀kùn yàrá ìyàwó rẹ̀.

"Tó bá lọ, ta ló máa gbé ìyá rẹ̀?" Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Pákó ti ba ẹ̀yìn mi jẹ́. Mo gbìyànjú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwa méjèèjì la jọ ṣubú. A wà nílẹ̀ títí aládùúgbò fi gbọ́ wa. Ṣé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni kí n máa sọ fún ọmọ?"

Afọṣọ kò gbọ́ èyí rí. Wọ́n ti sọ fún un pé ìyá rẹ̀ nìkan ló ṣubú.

"Mò ń gbọ́ yín o!" ìyá ké láti inú yàrá. "Ẹsẹ̀ ló kú, kì í ṣe etí! Ṣé èmi lẹ fi ń dí ọmọ mi lọ́nà? Ta ló bi mí?"

Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó ti bi í.

Afọṣọ pe Atikẹ̀kẹ́, ó sì wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ó kí bàbá tán, ó lọ lóṣòó síwájú àga ìyá, títí ojú wọn fi dọ́gba.

"Màmá, ẹ kú ìjókòó. Kí ni ẹ fẹ́ ṣe báyìí?"

Ìyá wò ó dáadáa. "Mo fẹ́ wo òde," ó ní. "Lójú fèrèsé yẹn."

Afọṣọ ti ń bọ̀ láti gbé e. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ dá a dúró, ó yíjú sí bàbá. "Bàbá, ẹ wá bá mi níbí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin lẹ máa ṣe é."

"Ẹ̀yìn mi—"

"Ẹ̀yìn ò ní ṣiṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹ ya ẹsẹ̀ díẹ̀. Ẹ tẹ orúnkún, ẹ má tẹ ẹ̀yìn. Ẹ fi orúnkún yín ti orúnkún wọn. Ẹ di aṣọ ìdí wọn mú báyìí. Màmá, ẹ gbé àyà wá síwájú, bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀ àṣírí sí Bàbá létí. Bàbá, ẹ má gbé wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dìde wá bá yín."

Wọ́n ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ìyá dìde. Orí rẹ̀ bọ́ sí àyà ọkọ rẹ̀, ó sì dúró, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà léjìká rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti kojú síra wọn lóòró bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Atikẹ̀kẹ́ ti gbé àga lọ sójú fèrèsé, ó sì ń dúró. Ṣùgbọ́n bàbá kò kánjú. Ó gbé àgbọ̀n lé orí ìyàwó rẹ̀, ó pa ojú dé. Afọṣọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bọ́ sí ilé ìdáná, wọ́n ń ṣe bí ẹni tó ń wá abọ́.

Nígbà tí ọkùnrin náà ń lọ, bàbá sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. "Ṣé wàá máa wá kọ́ mi?" ó béèrè.

"Gbogbo Sátidé, Bàbá. Títí ẹ ó fi ní ó tó."

"Á pẹ́ kó tó tó," bàbá ní. Kò sọ "mo gbà" ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọkùnrin náà wá iṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí, ó gba yàrá méjì ní òpópónà kejì sí ilé káfíńtà. Onídìrí ní òun á máa bójú tó ìyá láàárọ̀ kí òun tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Tíṣà ránṣẹ́ pé wọn ò pa ojú ewé ìjíròrò rẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n pé wọ́n ti fi ọgbọ̀n èèyàn kún kíláàsì òun, bẹ́ẹ̀ orúnkún òun kò tíì sàn.

Kóòtù ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, lọ́jọ́bọ̀ kan, nítorí ọjọ́ yẹn nìkan ni àyè àwọn méjèèjì bára mu. Akọ̀wé tó forúkọ wọn sílẹ̀ ń yán. Kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn jáde, wọ́n jókòó sí ibùdókọ̀ nínú oòrùn ìyálẹ̀ta, ìyá lórí àga onítáyà, bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyàwó àti ọkọ tuntun lórí bẹ́ǹṣì. Afọṣọ ti ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án léraléra kó lè gba ìsinmi ọjọ́ kan yẹn. Ọkọ rẹ̀ náà kò sàn jù ú lọ.

Ìyá wò wọ́n láti òkè dé ilẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ojú ọkọ àti ìyàwó! Ẹ̀yin méjèèjì dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé."

"Rárá, Màmá," ọkọ Afọṣọ ní, "a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ ni."

Afọṣọ bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó sì gbé ẹsẹ̀ lé itan ọkọ rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Bàbá rẹ̀ yára yíjú sápá kejì, ó nàgà wo òpópónà, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wò bóyá bọ́ọ̀sì ti ń bọ̀.